Bí Mo Ṣe Fi Ìwé Ṣíìfùtì Yan Agbábọ́ọ̀lù

Mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé láti kékeré ni mo ti ń bá àwọn ọkùnrin sáré lórí pápá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fọ ìbọ̀sẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ nílé ọkọ, bí bọ́ọ̀lù bá sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé ìdáná ni mo máa ń gbà lọ. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé èmi náà á di máníjà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ǹ bá bi í pé kí ló mu.

Ìwé ṣíìfùtì ni iṣẹ́ tèmi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni mo ti ń ṣe é, kò jìnnà sí Hazel Crest tí à ń gbé. Èmi ni mò ń kọ ẹni tó máa wá láàárọ̀, ẹni tó máa wá lọ́sàn-án, ẹni tó máa wá ní alẹ́. Èmi náà ni wọ́n máa ń pè pé inú ń run àwọn, pé mọ́tò àwọn ò ṣíná, pé ìyá àgbà àwọn kú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Mo kí i kú ara fẹ́ra kù lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ ṣíìfùtì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ohun kan ló fi kọ́ mi: òṣìṣẹ́ tó dára jù ni òṣìṣẹ́ tó wá.

Ọkọ mi ló ni bọ́ọ̀lù. Òun ló dá ẹgbẹ́ Hazel Crest sílẹ̀ nígbà tí àwa Yorùbá apá gúúsù Chicago pinnu pé ká máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wa ní gbogbo Sọ́ńdè ìgbà ooru. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wá: àwa, àwọn ará Richton Park, àwọn ará Auburn Gresham, àti àwọn kan tó ń wakọ̀ wá láti apá àríwá ìlú. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kristẹni wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ tírélà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbá ẹ lẹ́sẹ̀ lórí pápá yẹn kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tí o ti ń jọ́sìn.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ dráfítì wá. Ní oṣù Épírì ọdọọdún, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú méje péré dání nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. A óò kọ orúkọ àwọn yòókù mọ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí pátákó funfun kan, àwọn máníjà á wá máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó gbé ẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, kó lè rí nǹkan fi gbé ara rẹ̀ dìde. Ẹgbẹ́ tó gba ife ló máa mú kẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ńlá ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é. Òfin tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe Yorùbá ló ṣe é.

Ẹ ẹ̀ rí i, lọ́dún kan tí àwa la gbé ẹ̀yìn, ọkọ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Aṣọ́lé la nílò, ìyẹn kípà, nítorí ẹni tó ń ṣọ́lé fún wa ti kó lọ sí Texas. Kípà kan sì wà lórí pátákó lọ́dún yẹn, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ àti eékún fún àwọn tí egungun wọn ṣẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ gùn débi pé tó bá dúró lójú ilé, wàá rò pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ọkọ mi fi ń sọ ọ̀rọ̀ kípà yìí sí mi létí, títí tí èmi tí mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù fi ń lá àlá ẹ̀.

Wọ́n pe ọkọ mi pé kó wá mú. Ó dìde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni máníjà Richton Park jókòó sí, Alhaji kan tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, tó ti wà ní ìlú yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà Chicago, tó jẹ́ pé òun ló wá gbé ọkọ mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ọkọ mi yíjú sí i, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ̀gbọ́n."

Ta ni kò mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn? Ó dà bí ìgbà tí o bá ẹni tó ń jẹun, tó ní "Ẹ wá bá wa jẹun." Ṣé wàá wá fọwọ́ ni? "Ó á gba ibi ire" ni wàá sọ, wàá sì kọjá. Ohun tó yẹ kí Alhaji sọ ni, "Rárá o, àbúrò, mú tìẹ." Gbogbo wa la ń retí ẹ̀. Alhaji rọra dìde, ó tún fìlà ṣe, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, àbúrò," ó sì mú kípà wa!

Ẹnu ọkọ mi ò lè pa dé. Èmi tí mo kàn bá a wá nítorí a fẹ́ yà ra ẹran ni mo fẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n jókòó. Nínú mọ́tò, mo pariwo láti Auburn Gresham tí a ti ṣe dráfítì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo ní, "Dádì, ṣé ẹ ò lè sọ pé eré lẹ̀ ń ṣe ni?"

Ó ní, "Ṣé kí n wá gba nǹkan lẹ́nu àgbà ni? Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́."

Bó ṣe bọ́ nìyẹn o. A gbé ẹ̀yìn lọ́dún yẹn náà.

Ṣùgbọ́n kí ìdíje náà tó parí, nǹkan tó ju bọ́ọ̀lù lọ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Júláì, ọkọ mi ń fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ apá ọ̀tún ò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu ẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù, ọbẹ̀ á fi tutù, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀. Á jókòó sí ojú fèrèsé láti àárọ̀ títí dalẹ́, á máa wo mọ́tò tó ń kọjá. Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó má bàa gbọ́.

Nígbà tó di oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ aláìlera rẹ̀, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo gbé e lọ wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gba bọ́ọ̀lù, ojú ilé ló wà, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ ẹ̀, ó gbá a sọ́rùn. Ọkọ mi gbéra sọ nínú kẹ̀kẹ́, ó ní, "Ọ̀dẹ̀!"

Geerege ló jáde. Kò ṣe kólòlò, kò já. Ọmọ tó bú náà sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ sínú koríko tútù, ó ní, "Ẹ ṣé, sà! Ẹ tún mi bú, sà!" Èmi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tó bá máa dé, pápá ló ti máa ń kọ́kọ́ dé. "Gbá a." "Padà." "Rẹ́fúrì yìí!" Obìnrin òyìnbó tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ wí fún mi pé, ohunkóhun tó bá ń mú un fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé oṣù Fẹ́búárì. Yìnyín bo gbogbo ìta. Mo lọ jókòó sí àyè ọkọ mi. Alhaji ló ṣe alága. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Hazel Crest ti gbé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì léra, wọ́n ní kò ní máníjà mọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ mẹ́ta ti tó, ká pín àwọn ọmọ náà káàkiri. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, wọ́n ń kí mi kú ìtọ́jú bàbá láàárín ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí mi ni inú ń bí mi.

Mo dìde. Mo ní, "Ta ló sọ pé kò ní máníjà? Èmi ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ní ariwo ni bọ́ọ̀lù?"

Mo ní, "Mo ti bójú tó ọgọ́rin òṣìṣẹ́ fún ogún ọdún. Mọ́kànlá ni yóò wá pa mí?"

Alhaji gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, a fún yín ní ọdún kan. Tí ẹ bá tún gbé ẹ̀yìn, a óò pín ẹgbẹ́ náà, kí ẹ má bínú." Mo ní mo gbọ́. Inú mọ́tò ni mo tó rántí pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì.

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní fáìlì kan tó fi ń tọ́jú ìwé gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a gbá. Mo kó o sórí tábìlì ìjẹun, mo kà á bí mo ṣe ń ka ìwé iṣẹ́ mi. Gbogbo ènìyàn ló ti ń sọ fún mi pé ẹni tó ń gbá iwájú ni kí n lọ mú, ẹni tó lè máa ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọmọkùnrin kan wà lórí pátákó lọ́dún yẹn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹsẹ̀ ẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ìgalà, òun ni kálukú ń dárúkọ. Àmọ́ ohun tí mo rí nínú fáìlì yẹn yàtọ̀. Nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a pàdánù, a ò pé mọ́kànlá nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. A fi mẹ́sàn-án gbá òmíràn. A fi mẹ́jọ gbá òmíràn! Ẹlòmíràn wà tó mọ bọ́ọ̀lù gan-an tó jẹ́ pé Sọ́ńdè mẹ́ta ló wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo lu tábìlì. Mo ní, "Dádì! Àìsàn ilé iṣẹ́ mi ló ń ṣe ẹgbẹ́ yín!"

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Láti ìgbà yẹn, orí fóònù ni mo wà. Ta ni mi ò mọ̀ nínú Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìlera níbí? Ẹni tí mi ò mọ̀, mo mọ ìyàwó ẹ̀. Ẹni tí mi ò mọ ìyàwó ẹ̀, mo mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè wíkẹ́ńdì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ àti wíkẹ́ńdì tí wọ́n wà nílé. Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì tí gbogbo ayé ń lé kiri yẹn, méjì nínú Sọ́ńdè mẹ́ta ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fagi lé orúkọ ẹ̀.

Mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé pélébé, mo kọ ṣíìfùtì ẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo tò wọ́n sí iwájú ọkọ mi. Èmi mọ ẹni tó máa wá, òun ló mọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù. Màá na ọ̀kan sí i. Tó bá ní "rárá," mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń to àwọn tó kù. Olùkọ́ ìṣirò kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ikùn ẹ̀ ti yọ síwájú, ẹ̀yìn ló máa ń gbá. Kò ní Sọ́ńdè kan tí kò sí nílé. Inú mi dùn débi pé òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ọkọ mi fà á wá sí ìsàlẹ̀. Mo dá a padà sókè. Ó tún fà á wálẹ̀, ó lejú mọ́ mi. Mo ní, "Ṣebí ẹ ní ó mọ bọ́ọ̀lù!" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wá tọ́ka sí ikùn ara ẹ̀, ó mi orí. Ìgbà náà ló yé mi: ta ni yóò mú oníkùn ṣáájú mi? Kí ló dé tí mo fi ń sáré sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lé? Bàbá yìí ò lè sọ̀rọ̀, ó ṣì ń kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kípà ló le jù. Kípà gíga tí Alhaji fi "Ọlọ́run á bù kún ẹ" gbà ṣì wà lọ́wọ́ Alhaji. Méjì ló wà lórí pátákó tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà díẹ̀: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, èkejì nílé ìpoògùn. Wíkẹ́ńdì kan síṣẹ́, wíkẹ́ńdì kan sílé ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kípà tó jẹ́ ààbọ̀. Mo gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wíkẹ́ńdì tí ọ̀kan wà níṣẹ́ ni èkejì wà nílé. Mo fi igbe ta. Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì lu tábìlì, ó lù ú, ó lù ú.

Ọjọ́ dráfítì pé. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Auburn Gresham la ti ṣe é. Mo ti ọkọ mi wọlé nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Alhaji bí a ṣe jókòó lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kí Hazel Crest wá mú. Alhaji wúkọ́, ó tún fìlà ṣe. Mo rí i pé ó ti ń múra sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Eékún méjèèjì ni mo fi kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Ara ilé ńkọ́? Ẹ bá wa kí Màmá." Alhaji ní kí n dìde, ara wọn le. Ó ń dúró de èyí tó kù. Mo dìde, mo rìn lọ síbi pátákó, mo mú tèmi. Ẹni tó ń gbá àárín ni, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn ilé ìwé, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn.

Alhaji mú nọ́ọ̀sì pàjáwìrì, àwọn ènìyàn ẹ̀ hó yèè. Nígbà tó tún kàn mí, mo mú kípà. Nígbà tó tún yípo, mo mú kípà kejì. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Máníjà Auburn Gresham ní, "Màmá, ṣé ilé méjì lẹ fẹ́ máa ṣọ́ ni?" Nígbà tí mo wá mú olùkọ́ oníkùn, wọ́n ní mo ti ń ti ibi iṣẹ́ mi kó àwọn arúgbó bọ̀. Mo ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín ò ní kí àwọn tiyín má lọ sí ṣíìfùtì."

A kọ́kọ́ pàdánù, mi ò ní purọ́. Góòlù mẹ́ta sí òdo. Àmọ́ mọ́kànlá la wà lórí pápá, mẹ́rin sì jókòó síta. Ní Sọ́ńdè kejì, Richton Park ni a bá pàdé, mẹ́jọ ló wá fún Alhaji. Nọ́ọ̀sì ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. A nà wọ́n. Gbogbo Sátidé ni mo ń tẹ àwọn ọmọ mi láago bí mo ṣe ń tẹ àwọn tibi iṣẹ́: "Ṣé ara le? Ṣé mọ́tò ń ṣíná? Ṣé ìyá àgbà wà láàyè?" Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù fi jí lójú oorun. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ṣíìfùtì, ìdíje náà wá gbóná, kò sí ẹni tó lè jìnnà sí ẹnìkejì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Àwa àti Richton Park ló kù. Àwọn méjì tó kù ti gbá tiwọn tán. Tí a bá borí Alhaji, ojúàmì wa á kọjá ti gbogbo wọn, ife di tiwa. Tó bá borí wa, á fò wá kọjá, àwa la máa gbé ẹ̀yìn, wọ́n á sì pín ẹgbẹ́ ọkọ mi. Alhaji ti wá ẹni tó máa gba ṣíìfùtì nọ́ọ̀sì ẹ̀. Ó ti kọ́ ọgbọ́n mi.

Láago méjìlá ọ̀sán ni fóònù mi dún. Kípà tó kàn lọ́sẹ̀ yẹn ni. Wọ́n pè é síṣẹ́ lójijì láàárọ̀ fún overtime, ìyẹn iṣẹ́ àfikún, wọn ò jẹ́ kó lọ. Èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di aago mẹ́ta, nílé ìwòsàn tó wà ní apá àríwá. Aago mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Orí mi fò lọ. Mo tẹ èkejì, mo ní, "Ọmọ mi, tí aago bá ti lu mẹ́ta, má pààrọ̀ aṣọ, má tọ̀, máa bọ̀!" Mo wá yíjú sí olùkọ́ oníkùn. Mo ní, "Tíṣà, ẹ lọ dúró sójú ilé."

Ó ní, "Màmá, mi ò ṣọ́lé rí."

Mo ní, "Èmi náà ò ṣe máníjà rí."

Ogún ìṣẹ́jú ni olùkọ́ náà fi ikùn ẹ̀ gba bọ́ọ̀lù. Ó fi àyà gbà á, ó fi orí gbà á, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìdí ló fi gbà á. Bí wọ́n ṣe ń kọ lù wá ni mo ń wo ojú ọ̀nà. Mọ́tò kan ya wọlé pẹ̀lú eruku, kípà wa bẹ́ jáde, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn ń fì lọ́rùn ẹ̀. Ó gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó já káàdì sọ́wọ́ mi, ó sáré wọlé.

Ọmọ tí mo fi ṣe àkọ́kọ́ lọ́jọ́ dráfítì, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló gbá góòlù kan wọlé fún wa lẹ́yìn ìsinmi. Láti ìgbà náà, wọ́n sé wa mọ́lé. Ó ku díẹ̀ kí rẹ́fúrì fọn fèrè ni nọ́ọ̀sì Alhaji já gbogbo àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn wa sílẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú kípà ló kù. Kípà wa dúró gbagidi lójú ilé bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn ńlá, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti ọdún tó kọjá:

"Jáde sí i! Má dúró níbẹ̀, jáde sí i!"

Kípà jáde. Ó ju ara ẹ̀ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì ká bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Rẹ́fúrì fọn fèrè. Mi ò mọ ẹni tó gbé mi sókè. Mo mọ̀ pé bàtà mi kan sọnù. Àwọn ọmọ gbé ọkọ mi tòun ti kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé ife lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń wí fún gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn pé, "Mo ní kó jáde. Mo ní kó jáde." Àwa la gba ife o! Àwa tí wọ́n fẹ́ pín bí ẹran iléyá!

Épírì tó tẹ̀ lé e, a tún pàdé ní gbọ̀ngàn yẹn. Richton Park ló gbé ẹ̀yìn, Alhaji ló máa kọ́kọ́ mú. Ó ti ṣètò tiẹ̀. Iwájú ló fẹ́ràn, gbogbo méje tó mú dání ló jẹ́ ti iwájú àti àárín. Ó dá kípà gíga yẹn padà sórí pátákó, nítorí ó mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ mú, òun á kàn mú un padà ni. Ọgbọ́n gidi ni.

Wọ́n pè é. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe. Ó rí ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọkọ mi tó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà yẹn, tí ìlàjì ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti padà. Ojú Alhaji rọ̀. Àánú ni àbí àṣà, mi ò mọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ gba ife, ẹ wá kọ́kọ́ mú."

Gbogbo wa mọ ìdáhùn ẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bá ọkọ mi sọ ọ́, pé rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ mú tiyín. Ọkọ mi gbé ọwọ́ òsì lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n jókòó. Ó fi ọ̀pá ti ara ẹ̀ dìde. Ó tẹrí ba fún Alhaji, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀, a sì ń dúró dè é.

Ó ní, "Ọlọ́run... á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n." Ó na ọ̀pá sí pátákó. "Kípà."

Alhaji wo pátákó, ó wo ọkọ mi. Ó wá ṣí fìlà kúrò lórí, ó jókòó, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹyin lohùn! Àbúrò, ó ti bọ́. Ẹ kọ ọ́ fún un, ẹ kọ ọ́!" Gbọ̀ngàn dàrú. Kípà gíga náà ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Èmi ló yẹ kí n kọ orúkọ sílẹ̀, àmọ́ mi ò rí ìwé náà dáadáa mọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, mo kọ ọ́. Mi ò bi kípà náà léèrè ṣíìfùtì. Láti ọdún tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa ni mo ti mọ̀ ọ́n: Mọ́ńdè sí Fúráìdè ni, kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè.